Ayò Lúdò àti Òfin Tí A Fi Ń Ta Á

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wá sórí ètò yìí, ọ̀rọ̀ èdè ni mo máa ń bá yín sọ. Lálẹ́ òní, olóòtú wa ti bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ sílé, kí n wá ṣàlàyé ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ohun náà ni ó wà lórí tábìlì níwájú mi yìí. Bí ẹni tó ń ya àwòrán bá lè sún mọ́ ọn díẹ̀, ẹ ó rí i pé pátákó lúdò ni, tí a fi igi ṣe etí rẹ̀, tí a sì fi gíláàsì bò lójú. Káfíńtà kan ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ ni ó kàn án. Mo lè ra tuntun lọ́jà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ yá èyí láti agboolé wa ni, nítorí pé pátákó yìí gan-an ti dá ìjà sílẹ̀ rí, èmi ni wọ́n sì pè láti parí rẹ̀.

Àgbà méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Èmi yóò máa pe ọ̀kan ní Bàbá Káfíńtà, èkejì ní Bàbá Èkó. Bàbá Èkó ni ó fẹ́ àbúrò Bàbá Káfíńtà. Àna ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àna ti rí nílẹ̀ Yorùbá: ẹni tó gbé ọmọ ènìyàn níyàwó kì í gbójú sókè sí ẹbí ìyàwó. Bàbá Èkó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì pé oṣù kan tó padà sí Ìlíṣàn nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ ilé ń ta lúdò lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ìyá wọn pè wọ́n láti lọ pọn omi, ayò náà kò sì tíì parí. Ó ku ọmọ kan péré fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà méjèèjì tó jókòó nítòsí ní kí wọn bá àwọn ọmọ parí rẹ̀. Ọ̀kan gba ti ọmọ tirẹ̀, èkejì gba ti ọmọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ẹnìkejì léèrè ohunkóhun.

Ọmọ tí Bàbá Èkó gbà ti yípo pátákó, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ibi tí yóò ti yà wọlé. Ọmọ tí Bàbá Káfíńtà gbà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, kò tíì rìn ju ìgbésẹ̀ 3 lọ. Bàbá Káfíńtà da dáìsì, ó rí 5 àti 3, ó ka 8, ó sì bà lé ọmọ àna rẹ̀ lórí. Ó pa á. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹlòmíràn yìí, ó sọ ọ́ sínú ilé, ó ní, “Àna mi, ẹ kú ìrójú, mo ti jẹ ẹ́.” Bàbá Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó dá ọmọ náà padà sí ojú ibi tó ti pa ènìyàn, kí ó máa rìn ín bọ̀ wálé bí gbogbo ọmọ ti ń rìn. Bàbá Káfíńtà ní láti kékeré òun, ọmọ tó bá pa ènìyàn ti wọlé. Bàbá Èkó ní òun ka òfin ayò náà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni ní agboolé yẹn tó mọ̀ ọ́n ta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Oṣù méje gbáko ni wọn kò fi kí ara wọn.

Bí ó bá ṣe pé ayò nìkan ni, à bá fi wọ́n sílẹ̀ kí ó rọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdána àkọ́bí Bàbá Èkó lóbìnrin ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó kò sì ṣeé yọ sílẹ̀ níbi ìdána. Ìyá ọmọ wà láàárín ọkọ àti ẹ̀gbọ́n, kò mọ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ bẹ̀. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé ni mí, mo ti kàwé dé ibi tí ìwé parí sí, kí n wá sọ fún wọn ohun tí ìwé wí nípa lúdò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Kí n tó sọ ibi tí mo bá a dé, ó yẹ kí n ṣàlàyé ayò náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, nítorí irú wọn wà nínú àwọn òǹwòran wa. Olóòtú wa fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ilé mẹ́rin ni ó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, àti àwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọdé ń pè ní yẹ́lò. Ọmọ mẹ́rin ni ó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn ilé wọ̀nyí ni ọ̀nà wà tó rí bí àgbélébùú, tí a pín sí àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ojú ni mo máa ń pe kòtò tí ọmọ ayò ń gbé. N ó yá ọ̀rọ̀ náà lò fún àwọn àpótí wọ̀nyí. Ojú 52 ni ó wà ní ọ̀nà tí gbogbo ọmọ jọ ń rìn. Láti ojú tí ọmọ ilé kan ti ń jáde dé ojú tí ọmọ ilé tó tẹ̀ lé e ti ń jáde, ìgbésẹ̀ 13 ni. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó máa ń jẹ́ kí ọ̀tayò lè wo pátákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì mọ bí ọmọ kan ti jìnnà sí òmíràn tó, tí kò fi ní máa fi ìka ka ojú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ọwọ́ aago ti ń yí ni ọmọ ń rìn. Yóò gba iwájú ilé àwọn yòókù kọjá títí yóò fi yípo dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ 50 ni ìyẹn láti ojú tó ti jáde. Níbẹ̀ ni yóò yà sí ọ̀nà tí a fi àwọ̀ ilé rẹ̀ kùn, ojú 5, tí ọmọ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan sí i, ó wọ ilé tó wà láàárín pátákó. Gbogbo ìrìn náà jẹ́ ìgbésẹ̀ 56. Ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọlé ni ó jẹ ayò. Ẹ sì ṣe mí ní sùúrù kí n sọ ọ̀rọ̀ èdè ẹyọ kan péré: ilé ni a ń pe ibi tí ọmọ ti jáde, ilé náà ni a ń pe ibi tí ó ń lọ, ẹnu kò sì kò wá rí lórí èyí tí a ní lọ́kàn.

Dáìsì ni ó ń pàṣẹ ìrìn. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà ni dáìsì ní, a sì fi àmì tótòtó kọ 1 títí dé 6 sí wọn lára. Iye tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan àti iye tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọ ẹ̀yìn sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ 7 bí a bá pa wọ́n pọ̀. Ẹ yẹ èyí tí ẹ bá rà wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe é kò mọ iṣẹ́, tàbí kí ó mọ̀ ọ́n jù. Dáìsì méjì ni a ń lò ní ọ̀dọ̀ wa. Inú ife kékeré ni a ti ń mì wọ́n kí a tó dà wọ́n sórí gíláàsì, kí aláṣejù kan má baà fi ọgbọ́n ìka gbé sísì kalẹ̀.

Sísì ni 6. Ọmọ kan kò lè jáde nílé láìjẹ́ pé sísì bọ́. Bí ẹ bá rí 6 àti 4, ẹ lè fi 6 mú ọmọ jáde kí ẹ sì fi 4 rìn ín; ẹ sì lè fi 4 rin ọmọ mìíràn tó ti wà ní títì; bí kò bá wù yín kí ọmọ kankan jáde, ẹ lè fi 10 rin ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí sísì méjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò ta á tán, yóò sì tún dà á. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn méjì péré ni ó ń ta á, ilé méjì méjì ni wọn yóò mú, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ mẹ́jọ ni yóò wà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Iye tí ọmọ yóò fi wọ ilé àárín gbọ́dọ̀ pé gẹ́lẹ́: bí ó bá ku ìgbésẹ̀ 2, 3 kò wúlò fún un.

Pípa ni ó kù. Bí ọmọ yín bá bà sí ojú tí ọmọ alátakò wà, ẹ ti pa á nìyẹn. Yóò padà sí ilé rẹ̀ ní igun pátákó, yóò sì tún máa retí sísì. Títí dé ibí yìí, kò sí ìjà láàárín àna méjèèjì. Ohun tó kàn ni ó di ogun: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó pa ènìyàn?

Nínú ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí lúdò tó ń ti ìlú Òyìnbó wá, irú èyí tí ọ̀gá kan fún Bàbá Èkó nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọmọ tó pa ènìyàn yóò dúró síbi tó ti pa á ni. Nínú àwọn agboolé wa, lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, àti ní gáréèjì ọkọ̀, ọmọ tó bá pa ènìyàn ti parí ìrìn rẹ̀ nìyẹn. A ó gbé e wọ ilé àárín lójú ẹsẹ̀. Òfin méjì ni, àwọn àgbà méjèèjì sì ń sọ òtítọ́.

Mo ti rò pé ìdájọ́ mi ti jáde: ìwé ni orísun, àwa ni a yí i padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ìwé náà kì í ṣe orísun ohunkóhun.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ayò yìí ti ṣẹ̀. Pachisi ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, 25 sì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú èdè wọn, nítorí pé 25 ni iye tó ga jù lọ tí ọ̀tayò lè rí. Ohun tí wọ́n sì ń dà sílẹ̀ láti rí iye náà kì í ṣe dáìsì. Owó ẹyọ ni! Owó ẹyọ tí àwọn olórìṣà tiwa ń dà, tí àwọn ìyá wa fi ń ná ọjà láyé àtijọ́, òun ni àwọn ará Íńdíà ń dà sílẹ̀ láti ka iye tó dojú sókè àti iye tó dojú bolẹ̀. Ọba ńlá kan tí ń jẹ́ Akbar, tó jọba níbẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, fẹ́ràn ayò yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ya pátákó rẹ̀ sórí òkúta àgbàlá ààfin rẹ̀ ní Fatehpur Sikri. Ìtàn sọ pé ènìyàn gidi ni ó ń lò dípò ọmọ ayò. N kò lè jẹ́rìí sí ti ènìyàn yẹn, ṣùgbọ́n àmì pátákó náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé Íńdíà lórí rí ayò yìí, wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n gé e kúrú fún àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Orúkọ tí wọ́n fún un, èdè Látìnì ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “mò ń ṣeré.” Nítorí náà, nígbà tí a bá ní a ń ta lúdò, ohun tí à ń sọ ni pé a ń ta mò-ń-ṣeré. Orúkọ yìí ni ayò náà gbé wọ ilẹ̀ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní Íńdíà, ẹni tó bá pa ọmọ alátakò rẹ̀ máa ń gba èrè: yóò tún owó ẹyọ dà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń pe ayò yìí ní parchís, ẹni tó bá pa ọmọ yóò rin ìgbésẹ̀ 20 lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti wà lọ́jà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ní àádọ́ta sẹ́yìn, 20 náà ni. Nínú àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà wọ̀nyí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n mú èrè pípa kúrò, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó rọrùn fún ọmọdé. Àwọn bàbá wa gba ayò tí wọ́n ti yọ eyín rẹ̀, wọ́n sì fi eyín mìíràn sí i, tó tilẹ̀ mú ju ti àtijọ́ lọ: gbogbo ọ̀nà tó kù ni a fi ń san èrè. N kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan jókòó ṣe òfin yìí ní ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀tayò ni wọ́n ṣe é, bí àwọn tí ń sọ èdè ti ń ṣe èdè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èrè náà ti pọ̀ jù, kí ó gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Òun ni ó sọ lúdò di ayò onírònú. Bí ọmọ tó pa ènìyàn bá dúró sójú ọ̀nà, kò sí ohun púpọ̀ láti rò. Ẹ ṣáà máa pa. Ṣùgbọ́n bí pípa bá ń gbé ọmọ wọlé, ẹ ó ní láti bi ara yín pé èwo nínú àwọn ọmọ yín ni kí ó pa á. Ọmọ tó ti rin ìgbésẹ̀ 48, bí ó bá pa ènìyàn, ìgbésẹ̀ 8 ni ẹ jèrè. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí ó pa ènìyàn ní ìgbésẹ̀ 4, ìgbésẹ̀ 52 ni ẹ jèrè. Dáìsì méjì kì í fún ni ju 7 lọ lẹ́ẹ̀kan ní ìdíwọ̀n, nítorí náà ẹni tó jèrè 52 ti dín ìdàsílẹ̀ bí 7 kù. Bí ọmọ yín méjì bá lè pa ẹran kan náà, ọmọ tó kéré jù ni kí ẹ jẹ́ kí ó pa á. Ìdàkejì rẹ̀ ni ààbò: ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí pé bí a bá pa á, ìṣẹ́ ńlá ni ó ṣòfò.

Ìṣọ́ náà ní ìṣirò. Dáìsì méjì lè bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà 36. Nínú 36 yìí, 11 ni sísì wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyí tí dáìsì méjì fi dára fún wa: ẹni tó ń lo ẹyọ kan lè dà á ní ìgbà mẹ́ta kí ó má rí sísì kankan, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ ju ìdajì ìgbà lọ. Wàyí o, bí ọmọ alátakò bá wà ní ojú 1 lẹ́yìn yín, ọ̀nà 11 nínú 36 ni ó lè gbà pa yín. Bí ó bá wà ní ojú 2, ọ̀nà 12 ni, nítorí pé 1 àti 1 náà yóò gbé e dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i títí dé ojú 6, tó jẹ́ ọ̀nà 16. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún sí ojú 7, ó já wálẹ̀ sí 6 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sí dáìsì kan ṣoṣo tó lè dé ibẹ̀ mọ́. Ojú 8 jẹ́ 5, ojú 9 jẹ́ 4, títí dé ojú 12 tó jẹ́ ẹyọ kan. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo láti 6 sí 7 ti dín ewu kù ju ìdajì lọ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ti ń ta lúdò fún ogún ọdún tí wọ́n ń sá kúrò ní ojú 2 lọ dúró ní ojú 6, tí wọ́n sì ń mí kanlẹ̀ pé àwọn ti bọ́.

Ohun mìíràn tó máa ń dẹ́rù bani láìnídìí ni kí ọmọ ẹni dúró níwájú ilé alátakò tí ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá wà ní ojú 3 sí ibi tí wọ́n ti ń jáde, ọmọ inú ilé yẹn gbọ́dọ̀ rí 6 láti jáde, kí ó sì rí 3 láti dé ọ̀dọ̀ yín: ọ̀nà 2 péré nínú 36. Ojú ìjáde gan-an ni ẹ kò gbọ́dọ̀ sùn sí, nítorí sísì èyíkéyìí ni yóò pa yín níbẹ̀.

Mo gbé àwọn ìṣirò yìí lọ sí Ìlíṣàn nínú ìwé kékeré kan. Wọ́n mú pátákó jáde, àwọn àgbà méjèèjì jókòó ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo tún àwọn ọmọ méjèèjì tò bí wọ́n ti wà ní ọjọ́ náà. Mo kọ́kọ́ kọjú sí Bàbá Èkó. Mo ní, “Bàbá, ẹ kò ṣe àṣìṣe. Ojú 8 ni ẹ dúró sí sí ọmọ wọn. Ọ̀nà 5 péré nínú 36 ni wọ́n fi lè rí yín pa. Àgbà ọ̀tayò náà ni yóò dúró síbẹ̀.” Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Mo ní, “Ṣùgbọ́n bí ìwé ni ẹ fẹ́ kí a tẹ̀ lé, dáìsì kan ni ìwé wí. Ẹ bá méjì nínú ife, ẹ kò sì bèèrè. Dáìsì kan kò lè rí 8.” Bàbá Káfíńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo yára kọjú sí i, mo ní, “Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ mọ̀ pé àlejò ni lórí pátákó yín, ẹ kò sì sọ òfin ilé fún àlejò.”

Lẹ́yìn náà ni mo fi òfin ìwé tẹ̀ síwájú lójú wọn. Bí ọmọ Bàbá Káfíńtà bá dúró sójú ibi tó ti pa ènìyàn, ìgbésẹ̀ 45 ni ó kù fún un. Bàbá Èkó yóò kọ́kọ́ wá sísì, yóò sì rin 56. Kò tán síbẹ̀ o. Ẹnu ọ̀nà Bàbá Èkó ni apani náà dúró sí, ojú 2 péré lẹ́yìn ibi tí ọmọ Bàbá Èkó yóò ti jáde. Ọmọ náà kò ní pẹ́ jáde tí apani yóò tún wà lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí tó láti tún un pa. Mo ní kí wọn dà á wò. Ní ìgbà mẹ́rin tí wọ́n ta á láti ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Èkó jẹ ẹyọ kan, àna rẹ̀ jẹ mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé àwọn ará Jámánì ní irú ayò yìí tiwọn, tó di ohun tí a ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu láti ọdún 1914, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni “Ìwọ èèyàn, má ṣe bínú.” Ìyá ọmọ ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Olóòtú wa ti bi mí léèrè kí a tó jókòó pé ṣé tẹ́tẹ́ kọ́ ni lúdò. Owó tí a bá lé e ni ó ń sọ ọ́ di tẹ́tẹ́, bí a ti lè lé owó lé eré bọ́ọ̀lù. N kò gba ti ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ọmọ ta á, n kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó kàn mí jù ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ta á lórí fóònù. Ludo King, tí àwọn ará Íńdíà gbé jáde ní ọdún 2016, dáìsì kan ni ó ń lò, ó ní àwọn ojú oníràwọ̀ tí a kò ti lè pa ènìyàn, ẹni tó bá sì pa ọmọ yóò tún dáìsì dà. Ẹ rí i pé èrè àtijọ́ ti Íńdíà ni ó padà wá. Ọmọ tó ti inú fóònù kọ́ lúdò yóò jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà lọ́jọ́ kan, òfin mẹ́ta ni yóò sì pàdé lórí pátákó kan. Nítorí náà, kí ife tó mì, ẹ bèèrè: dáìsì mélòó? Apani ń wọlé àbí ó ń dúró? Ilé méjì tí ẹnì kan mú, ṣé èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni tàbí èyí tó dojú kọ ara wọn? Bí ọmọ méjì bá jókòó sójú kan, ṣé wọ́n ti dí ọ̀nà? Ẹni tó lè pa tí kò pa, ṣé ó jẹ̀bi?

Wọ́n ṣe ìdána náà, àwọn àna méjèèjì sì jọ jókòó lórí àga kan. Bí ẹni tó ń ya àwòrán bá bá mi dojú pátákó yìí dé, ẹ ó rí ohun tí Bàbá Káfíńtà fi ọ̀dà funfun kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìlà kìíní: dáìsì méjì. Ìlà kejì: apani wọlé. Ìlà kẹta: sísì méjì, tún un dà. Nọ́ńbà 4 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a kọ sí iwájú rẹ̀. Ti ọmọ méjì tó jókòó sójú kan ni. Ó ti pé ọdún méjì báyìí, wọn kò tíì fẹnu kò lé e lórí, wọ́n sì ti ní kí n má dá sí i.